IṢẸ́ ABẸ ÌFUN KÒ PARÍ SÍ ORÍ TÁBÌLÌ

Láti ọwọ́ Alábẹ̀wò Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù, Agbègbè Ayétòrò

Ohun tí mo sábà máa ń bá yín sọ nínú ìwé ìròyìn yìí ni ọ̀rọ̀ ìwé ìṣirò, èlé àti onídùúró. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ìfun ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí ó ní sùúrù ná. Bí a bá dé ìdí ọ̀rọ̀ náà, yóò rí i pé ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ ni pẹ̀lú.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ NÍ IJOUN

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò ní agbègbè Ijoun. Mo rí i pé ìgbìmọ̀ wọn ti yá ọmọ ẹgbẹ́ kan ní owó pàjáwìrì láìjẹ́ pé onídùúró méjì fọwọ́ sí ìwé. Mo fi bírò pupa sàmì sí i, mo sì kọ ọ́ sínú ìròyìn mi pé irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́. Òfin ni mo tẹ̀ lé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni màmá kan nínú ẹgbẹ́ yìí kan náà, tí ó ń ṣe gàárì tà, wá bá akọ̀wé. Ó ti lé ní ọdún kan tí ó ti ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́. Àwọn ènìyàn ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ó sì ń mu àgbo. Ìtìjú kò jẹ́ kí ó sọ fún ẹlòmíràn. Nígbà tí ó rù tán, tí ìgbẹ́ rẹ̀ wá tín-ín-rín, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n rí kókó nínú ìfun ńlá rẹ̀, dókítà sì dá ọjọ́ tí wọn yóò gé e kúrò. Owó ni ó kù. Ó rí onídùúró kan. Ìkejì ti rìnrìn àjò kọjá ẹnubodè. Ìgbìmọ̀ rántí bírò pupa mi, wọ́n ní kí ó dúró di ìpàdé oṣù tí ń bọ̀. Kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, ìfun rẹ̀ dí pátápátá, ikùn rẹ̀ wú, ó sì ń bì. Òru ni wọ́n gbé e lọ, òru náà ni wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un.

Màmá náà kò kú, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó lò ju oṣù kan lọ ní ilé ìwòsàn. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní kí ó má ṣe mira kí ojú ọgbẹ́ má baà ya. Wọ́n ní kí ó má jẹun kí ìfun rẹ̀ lè sinmi. Òtútù àyà mú un, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ sì gba ọyún. Gbogbo owó tí ó fi ń ra ẹ̀gẹ́ ni ó bá a lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń béèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì, tí mo sì ń ka ohun tí ó bá bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ohun kan ni mo rí kọ́, òun ni mo sì fẹ́ là yé yín: ọjọ́ iṣẹ́ abẹ nìkan ni ti oníṣẹ́ abẹ. Ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀ àti ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, aláìsàn, ẹbí àti ẹgbẹ́ ni wọ́n ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ibẹ̀.

KÍ NI WỌ́N FI Ń GÉ ÌFUN?

Ìfun ńlá ni ó ń gba oúnjẹ lẹ́yìn tí ìfun kékeré bá ti yọ agbára inú rẹ̀. Ó ń fa omi inú rẹ̀ kúrò títí yóò fi di ìgbẹ́, yóò sì tì í lọ sí ihò ìdí. Gígùn rẹ̀ nínú àgbàlagbà tó mítà kan àti ààbọ̀. Àrùn jẹjẹrẹ lè mú un, ó lè lọ́ mọ́ ara rẹ̀, tàbí kí nǹkan mìíràn dí i. Oníṣẹ́ abẹ yóò gé ibi tí ó bàjẹ́ kúrò, yóò sì rán ojú méjèèjì pọ̀. Nígbà mìíràn, yóò fa ẹnu ìfun jáde sí ẹ̀gbẹ́ ikùn, ìgbẹ́ yóò sì máa bọ́ sínú àpò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ó lè jẹ́ fún oṣù díẹ̀, ó sì lè jẹ́ títí ayé. Ẹni tí ó ní irú àpò bẹ́ẹ̀ lè jókòó ní ìpàdé, ó lè tajà, ó sì lè di alága. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ta á nù.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́ ni jẹ̀díjẹ̀dí. Ní Ilé-Ifẹ̀, láti ọdún 2013, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúṣẹ́gun Isaac Alátíṣe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà ti ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ pọ̀ nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní ARGO. Lára iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ inú ìfun àwọn tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀ nídìí wò, kí a lè rí àrùn náà kí ó tó pẹ́ jù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, bí ìgbẹ́ bá yí padà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀, tàbí bí ènìyàn bá ń rù láìnídìí, kí ó lọ fi ara rẹ̀ han dókítà. Iṣẹ́ abẹ tí a dá ọjọ́ fún sàn lọ́pọ̀lọpọ̀ ju èyí tí a sáré ṣe lóru, nígbà tí ìfun ti dí tàbí tí ó ti bẹ́.

ỌJỌ́ WO NI EWU PỌ̀ JÙ?

Púpọ̀ nínú wa rò pé bí aláìsàn bá ti jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ewu ti tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2018, wọ́n tẹ èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 247, ní orílẹ̀-èdè 25 ní Áfíríkà. Àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ oríṣiríṣi fún, tí wọ́n sì kà sínú rẹ̀, lé ní 11,000. Àwọn 239 ni ó kú. Nínú àwọn 239 yìí, 225 ni ó kú lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọjọ́ orí wọn kéré sí ti àwọn aláìsàn ilẹ̀ mìíràn, síbẹ̀ ikú láàárín wọn tó ìlọ́po méjì ti gbogbo àgbáyé. Nítorí náà, kì í ṣe orí tábìlì ni ó yẹ kí a máa bẹ̀rù jù. Orí bẹ́ẹ̀dì ni, ní ọjọ́ kejì, ìkẹta àti ìkẹwàá, nígbà tí àwọn àlejò ti lọ, tí owó sì ti tán.

OHUN TÍ WỌ́N RÍ NÍ DENMARK

Ní ìlú Copenhagen, ní orílẹ̀-èdè Denmark, oníṣẹ́ abẹ kan tí ń jẹ́ Henrik Kehlet béèrè ìbéèrè kan ní nǹkan bí ọdún 1990 sí 2000: kí ni ó ń dá ẹni tí wọ́n gé ìfun rẹ̀ dúró sí ilé ìwòsàn? Ó rí i pé ìrora ni, ìfun tí kò jí ni, omi tí wọ́n fà sí i lára ní àfàjù ni, ebi ni, àti dídùbúlẹ̀ lójú kan. Ó wá ojútùú sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó sì ṣe gbogbo wọn pọ̀. Ní ọdún 1999, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn pé àwọn tí wọ́n gé ìfun wọn bẹ́ẹ̀ ń padà sílé ní nǹkan bí ọjọ́ méjì, nígbà tí ó sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún 2001, àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Yúróòpù kó ara wọn jọ lórí ọ̀nà yìí. Wọ́n tẹ ìlànà wọn fún iṣẹ́ abẹ ìfun jáde ní ọdún 2005, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àgbáyé rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2010. ERAS ni àwọn dókítà ń pè é. Ohun tí ó wù mí nínú rẹ̀ ni pé kò sí ìkankan nínú ìlànà náà tí ó dá ṣe iṣẹ́ ìyanu. Àwọn ohun kéékèèké ni wọ́n, bí wọ́n bá sì ṣe pọ̀ tó nínú èyí tí a tẹ̀ lé ni ìpalára ń dín kù tó. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá owó díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mọ ohun tí mo ń wí. Ọwọ̀ kan kò gbálẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọwọ̀ tí a dì pọ̀ ni ó ń gbálẹ̀.

KÍ ỌJỌ́ TÓ PÉ

1. Kí aláìsàn jáwọ́ nínú sìgá àti ọtí, ó kéré tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú. Sìgá kì í jẹ́ kí ọgbẹ́ jiná, ó sì ń mú àyà díbàjẹ́.

2. Kí ó jẹ oúnjẹ tí ń mú ara le: ẹ̀wà, ọ̀lẹ̀lẹ̀, ẹyin, ẹja. Láfún àti ọbẹ̀ lásán kò tó. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá kéré, kí ó lo oògùn tí dókítà fún un títí yóò fi gbé sókè.

3. Kí ó máa rìn lójoojúmọ́ bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Ẹni tí ó ń rìn ṣáájú ni ó ń tètè dìde lẹ́yìn.

4. Kí ó sọ òtítọ́ fún dókítà nípa àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, àti gbogbo àgbo tí ó ń mu. Àgbo mìíràn wà tí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà láìdáwọ́ dúró. Ẹni tí ó bá fi pamọ́, ara rẹ̀ ni ó ń tàn.

5. Ní ti ààwẹ̀: láti ìrọ̀lẹ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ebi ti ń pa ọ̀pọ̀ aláìsàn. Ìlànà tí àwọn dókítà ń lò kárí ayé báyìí ni pé kí oúnjẹ dáwọ́ dúró ní wákàtí 6, kí omi lásán sì dáwọ́ dúró ní wákàtí 2, kí wọ́n tó fún un ní oògùn akunnilóorun. Oúnjẹ ni ògì, kì í ṣe omi; oúnjẹ náà sì ni tíì oní-mílíìkì. Ṣùgbọ́n ti ẹni tí ìfun rẹ̀ ti dí yàtọ̀. Dókítà rẹ̀ ni kí ó gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu.

LẸ́YÌN IṢẸ́ ABẸ

Ibí yìí ni àwa ẹbí ti ń fi ìfẹ́ ṣe ìpalára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èkíní ni dídìde. Bí nọ́ọ̀sì bá ní kí aláìsàn jókòó ní ọjọ́ kan náà, kí ó sì rìn ní ọjọ́ kejì, ẹ má ṣe bá a jà. Òkùn tí wọ́n fi rán ikùn kò ní já nítorí ìrìn jẹ́jẹ́. Ẹni tí ó bá dùbúlẹ̀ lójú kan ni ẹ̀jẹ̀ lè dì sí lẹ́sẹ̀, òun náà ni òtútù àyà ń mú. Kí ó máa mí kanlẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ojú rẹ̀ bá là. Bí ó bá fẹ́ wúkọ́, kí ó gbá ìrọ̀rí mọ́ ikùn.

Èkejì ni oúnjẹ. Láyé àtijọ́, wọn kì í jẹ́ kí ó jẹun títí yóò fi só. Ìwádìí ti fi hàn pé omi mímu ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá jí, àti oúnjẹ díẹ̀ kí ọjọ́ kejì tó parí, kì í pa ọ̀pọ̀ aláìsàn lára. Ó ń jẹ́ kí ìfun tètè jí. Bí dókítà bá ti fọwọ́ sí i, ẹ gbé ògì wá. Bí ó bá ń bì, kí ó dáwọ́ dúró, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì.

Ẹ̀kẹta ni omi tí wọ́n ń fà sí ara. Púpọ̀ nínú wa gbà pé bí ìgò omi bá ṣe pọ̀ tó ni ìtọ́jú ṣe dára tó. Àfàjù rẹ̀ a máa mú ìfun wú, a sì máa fa ìjíǹde rẹ̀ sẹ́yìn. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kúrò, ẹ má ṣe rò pé wọ́n ti pa ènìyàn yín tì. Bákan náà ni rọ́bà tí wọ́n fi ń gba ìtọ̀: bí ó bá ti tètè jáde, ó dára.

Ẹ̀kẹrin ni ìrora. Kí aláìsàn má ṣe fi ọkùnrin tàbí obìnrin rẹ̀ hàn nípa fífi ara da ìrora. Ẹni tí ara ń ro jù kò lè rìn, kò sì lè wúkọ́. Ṣùgbọ́n oògùn ìrora tí ó lágbára jù ń mú ìfun sùn, nítorí náà dókítà a máa fi oògùn fẹ́ẹ́rẹ́ bíi parasítámọ́ọ̀lù kún un, kí ti líle má baà pọ̀ jù.

Ẹ̀karùn-ún ni ojú ọgbẹ́. Níhìn-ín, mo ní ìròyìn ayọ̀ láti sọ, nítorí ọ̀dọ̀ wa ni ó ti wá. Ní ọdún 2022, wọ́n tẹ èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, ní Benin aládùúgbò wa, ní Gánà, Rùwáńdà, Gúúsù Áfíríkà, Índíà àti Mẹ́síkò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọjí Adémúyìwá ti Èkó wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Ilé ìwòsàn 81 ni ó kópa, àwọn aláìsàn sì lé ní 13,000, gbogbo wọn ni wọ́n ṣí ikùn wọn. Ohun tí wọ́n dán wò kò ju èyí lọ: kí àwọn oníṣẹ́ abẹ pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ àti irin iṣẹ́ wọn kí wọ́n tó rán ikùn pa. Níbi tí wọn kò ti ṣe é, ojú ọgbẹ́ kẹ̀ fún nǹkan bí 189 nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn. Níbi tí wọ́n ti ṣe é, ó jẹ́ 160. Ènìyàn 29 nínú ẹgbẹ̀rún bọ́ lọ́wọ́ ọyún nítorí ìbọ̀wọ́ mìíràn. Tiwa ni pé kí a fọ ọwọ́ kí a tó fi kan aláìsàn, kí a má sì fi ewé tàbí ẹ̀bu kankan sí ojú ọgbẹ́.

BÍ Ó BÁ TI DÉLÉ

Ẹni tí ń gbé ní Copenhagen lè padà sí ilé ìwòsàn láìpẹ́ bí nǹkan bá yí. Ọmọ Ijoun tí wọ́n tọ́jú ní Abẹ́òkúta kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sàn kí ó kọ́kọ́ sùn sí ọ̀dọ̀ ẹbí tàbí ará ní ìtòsí ilé ìwòsàn fún ọjọ́ bíi méje sí mẹ́wàá. Kí wọ́n má sì fi ọ̀kadà gbé e wálé.

Kí wọ́n gbé e padà kíákíá bí wọ́n bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí: ibà, ikùn tí ó le tàbí tí ó ń wú, èébì, ìrora tí ó ń pọ̀ sí i dípò kí ó dín kù, ọyún lójú ọgbẹ́, ẹsẹ̀ kan tí ó wú tí ó sì ń ro, àìlèmí dáadáa, àìsó àti àìyàgbẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀. Ibi tí wọ́n rán ìfun pọ̀ lè máa jò nínú, ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkejì ni ó sì sábà máa ń fara hàn. Ẹ má ṣe ní kí ilẹ̀ mọ́ ná.

Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ó má ṣe gbé ẹrù wúwo, kí ó má kọ ebè, kí ó má sì yan gàárì. Ìrìn nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀.

IṢẸ́ TI ẸGBẸ́

Ní báyìí, a ti dé ibi tí mo ń lọ.

(a) Owó pàjáwìrì. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú un wá sí ìpàdé gbogbogbò, kí a sì kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́, pé bí ìwé ilé ìwòsàn bá ti wà, alága, akọ̀wé àti akápò lè yọ̀ǹda owó láàárín ọjọ́ méjì. Kí owó àfipamọ́ ọmọ ẹgbẹ́ náà dúró gẹ́gẹ́ bí onídùúró àkọ́kọ́, kí onídùúró ènìyàn sì fọwọ́ sí i lẹ́yìn. Bí ó bá ti wà nínú òfin, alábẹ̀wò kò ní fi bírò pupa kàn án.

(b) Pípín owó. Ká ní a yá ọmọ ẹgbẹ́ ní ₦600,000. Kí a má ṣe kó gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó sì tán ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Kí akápò fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta rẹ̀, ₦200,000, pamọ́ fún oògùn, oúnjẹ àti ọkọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ẹ rántí àwọn 225.

(d) Sísan padà. Kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ títí oṣù mẹ́ta yóò fi kọjá. Ẹni tí a bá ń dùn-ún-kù mọ́ fún owó ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ń bọ̀ wá gbé ẹrù ni.

(e) Àáró. Kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ wà ní abúlé kan náà bá a ro oko rẹ̀, tàbí kí wọ́n bá a yan gàárì rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà. Àwọn baba wa ti ń ṣe àáró kí wọ́n tó kọ òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kankan sínú ìwé.

(ẹ) Ẹ̀jẹ̀. Ilé ìwòsàn a máa béèrè ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Kí akọ̀wé ní orúkọ àwọn tí ara wọn le tí wọ́n sì fẹ́ ṣe é lọ́wọ́ ṣáájú.

(f) Ibùsùn. Àpapọ̀ ẹgbẹ́ ni wá. A ní ọmọ ẹgbẹ́ ní Ayétòrò, Ìlaròó àti Abẹ́òkúta. Kí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ní yàrá kan tí ó ṣófo sọ ọ́, kí ẹni tí ó ti Ijoun wá lè sùn síbẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́.

(g) Adójútòfò ìlera. Òfin tí Ìjọba Àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2022 sọ pé kí gbogbo ará Nàìjíríà wà nínú ètò adójútòfò ìlera. Kí ìgbìmọ̀ lọ béèrè bí ẹgbẹ́ ṣe lè forúkọ sílẹ̀ pọ̀, kí wọ́n sì béèrè bóyá iṣẹ́ abẹ ìfun wà nínú rẹ̀. Ìsinsìnyí tí ara dá ni kí a béèrè.

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ yìí kò rọ́pò ọ̀rọ̀ dókítà. Mo kọ ọ́ kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Màmá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń wá sí ìpàdé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó ń yan gàárì báyìí, òun náà sì ń ka owó. Nígbà tí mo tún lọ yẹ ìwé wọn wò, mo jókòó ti ìgbìmọ̀ títí wọ́n fi kọ àbá owó pàjáwìrì náà, ìpàdé gbogbogbò sì gbà á wọlé. Màmá náà wà níbẹ̀, ó nawọ́ pẹ̀lú wọn. Kò bá mi wí rárá, n kò sì gbàgbé.

Ní ìpàdé yín tí ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka àpilẹ̀kọ yìí sókè fún àwọn tí kò lè kà á, kí ẹ sì mú ọ̀rọ̀ (a) wá síwájú ilé. Ìlera ni ọrọ̀. Kí Ọlọ́run má fi àìsàn ṣe wá. Bí ó bá sì dé, kí ó bá owó àti ènìyàn nílé.